Fèrèsé Ilé Ará Àbíjàn

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní Èjìgbò, iṣẹ́ kan wà tí ìyá bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó jẹun, mo gbọ́dọ̀ lọ ṣí fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àbíjàn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ṣòwò. Ó ti kọ́lé sílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo ṣí àwọn fèrèsé onípákó wọ̀nyẹn. Bí oòrùn bá ń wọ̀, mo pa wọ́n dé. Bí mo bá gbàgbé, ìyá àgbà á pariwo láti ìdí ààrò pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ dé kó máa bá alángbá du ibùsùn ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Kì í ṣe ilé tiwa nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní àdúgbò wa fún gbogbo ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. Wọ́n ní ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ kò tíì di ahoro, onílé ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bọ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn tó ti darúgbó. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́sàn-án, ó wọ yàrá, ó sùn bí ẹni tó jáde lánàá.

Ìrìn àjò tí mo rìn ní èṣí ló mú mi rántí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ní kí n wá wo Páríìsì, olú ìlú Faransé. Ibẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Láti Àbíjàn ni wọ́n ti kọjá lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ ni à bá jọ lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ọjọ́ díẹ̀ ni mo lò. Ọmọ yìí mú mi rìn títí. A wo odò tó la ìlú já, a wo ilé ìṣọ́ onírin tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ó ga, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí, òtútù sì ti wọ inú bàtà mi. Mo jókòó létí odò, mo ń wo àwọn ilé alájà tó tò lọ rẹrẹ. Gbogbo fèrèsé wọn ló wà ní títì.

Mo ní, "Ta ló ń ṣí gbogbo fèrèsé wọ̀nyí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá! Nínú irú òtútù yìí? Ta ló fẹ́ kú?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ ohun tó torí rẹ̀ pè mí. "Bàbá, ẹ má padà mọ́. A ti ṣètò yàrá yín. Kí lẹ ń dá gbé ilé yẹn fún? Màámi ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ta ni yóò máa ṣí fèrèsé?"

"Fèrèsé kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó wà ní títì."

"Tìrẹ náà wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń ṣí i."

Ó tún aṣọ tó fi wé mi lọ́rùn ṣe. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí mo fi wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún télọ̀ tó múlé tì mí, pé kó máa bá mi ṣí fèrèsé. Nígbà tí mo dé, gbogbo fèrèsé ló tì pa. Ó yà á lẹ́nu láti rí mi. "Háà, Bàbá, ẹ mà padà wá! A ti rò pé ẹ ti bá wọn lọ nìyẹn."

Ayé ti yí. Ẹni tó lọ sí Àbíjàn láyé ijọ́un, Iléyá á mú un wálé. Lónìí, bí mo bá ń lọ sí mọ́sálásí, ilé rèǹtèrente ni mò ń kọjá, àgádágodo ti dípẹtà lẹ́nu géètì wọn. Ìyá àgbà tí yóò pariwo kò sí, ọmọ tí wọn yóò pariwo mọ́ náà kò sí.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ṣí tèmi, mo ṣí ti ìyá ọmọ mi, mo wá ṣí ti ọmọ mi kẹ́yìn. Ó ti ń rẹ̀ mí. Mo sì mọ̀ pé kò ní wá sùn níbẹ̀. Alángbá kan wà lórí ibùsùn rẹ̀. Mo lé e jáde.