Ìwé Tí A Gé Bí Aṣọ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè rìn kọjá lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ Bàbá mi láì bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni kí n fi irin kékeré kan tó ń fa irin mọ́ra ṣa abẹ́rẹ́ àti píìnì tó bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ni Bàbá, ní Treichville, nínú àgbàlá kan tí ìdílé márùn-ún ti ń pín ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Abidjan láyé ìgbà náà mọ irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ alókò níhìn-ín, wọ́n ń yan ẹja lọ́hùn-ún, bí ẹnì kan bá sì sín ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá karùn-ún ló máa kí i. Bí píìnì kan bá ṣẹ́kù tó gún oníbàárà lẹ́sẹ̀, rúlà onígi Bàbá á wá bá àtẹ́lẹwọ́ mi sọ̀rọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, àtẹ́lẹwọ́ mi mọ ìṣirò ju orí mi lọ nígbà yẹn.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìwé ìtàn kan jáde nílé lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Yorùbá, ní èdè wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ lè ní ọmọ, ọmọ náà sì lè jẹ́ aládùúgbò yín. Kò sí lẹ́tà kan tó ti Èjìgbò dé lọ́dún náà tí kò sọ̀rọ̀ ìwé yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá kà á kò ní wà bó ṣe wà mọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ kan kà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ ra ọkọ́. Pásítọ̀ wa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ ká tó mọ̀ pé òun náà ò tíì fojú kàn án. Ní tèmi, mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé tá a bá kà á tán, mo máa ní kẹ̀kẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé náà kàn jù ni ẹ̀gbọ́n mi, Dúpẹ́, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ti yege ìdánwò àtiwọ sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama, wọ́n sì ti fún un láyè ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Bingerville, níbi tí wọ́n ti ń sùn sínú ọgbà. Ó ku kí Bàbá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan kí oṣù septembre tó parí. Bàbá ò kọ̀, Bàbá ò sì gbà. Ìyá Rẹ̀mí tó ń ta aṣọ nínú àgbàlá wa ti ní kí Dúpẹ́ wá bá òun jókòó ti ọjà. Àwọn ará ilé ní Èjìgbò ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ kó wá mọ ìṣe ilé. Bàbá wá gbọ́ pé gbogbo bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tó fi ń di ènìyàn ló wà nínú ìwé yìí, ló bá rọ̀ mọ́ ọn. Bí Màmá bá ti dá ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, Bàbá á ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ìwé yẹn ná." Dúpẹ́ tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ ẹní rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ká ẹní sókè wò ó, àfi bíi pé ẹ̀dá alààyè ni.

Ẹyọ kan péré ló dé, nínú ẹrù ẹnì kan tó gba Ghana wọlé, ó ń rùn kẹrosíìnì. Ìdílé márààrún la jọ ránṣẹ́ rà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ìkejì. Wọ́n jiyàn títí, kí Ìyá Rẹ̀mí tó ní kí ló ń fa ariwo. Ó ní òun ti ń fa aṣọ ya láti ọjọ́ tóun ti dé Abidjan, òun ò sì tíì rí oníbàárà tó sunkún pé wọn ò fún òun ní odidi ìdì. "Ẹ gé e." Bàbá Komí, arúgbó ará Pọtonófò kan tó ti jẹ́ akọ̀wé àwọn òyìnbó, tá a sì fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lédè Faransé ń pè é, dìde dúró. Ó ní a kì í gé ìwé, pé crime ni. Nígbà tó rí i pé Bàbá ti mú sísọ́ọ̀sì, ó ní ó dáa, tó bá ti di gígé, kí wọ́n yáa fún òun ní ìpín iwájú.

Bàbá gé e sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì fi ẹ̀rọ rán ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ìwé tí wọ́n rán dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Tiwa, èyí tó wà láàárín gan-an, òwú pupa ni. A ó máa pààrọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun tó kà, torí ẹni tó bá sọ ọ́ ti bu ẹran nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yìí dá sílẹ̀. Nínú ìpín tiwa, ọkùnrin kan ń jí ní ìdájí, ó ń bọ́jú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa di ènìyàn pàtàkì. Ogún ojú ewé ló fi ń bọ́jú. Bàbá kà á, ó yán, ó ní ó ní láti jẹ́ pé apá iwájú ni adùn rẹ̀ wà. Bàbá Komí tí iwájú wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà pé àárín ni adùn wà. Ìyá Rẹ̀mí tí ìpín ìparí kọ́kọ́ kàn rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń yọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí, ó rò pé torí òun ò tíì ka ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pàdé nídìí omi, wọ́n á ní, "Ìwé yẹn mà jinlẹ̀ o." "Ó jinlẹ̀. Tó bá kàn yín ẹ ó rí i." Ìsó inú ẹ̀kú ni, àrámọ́ra. Yàrá márààrún ló wà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú yàrá tòun ló ti ń rùn.

Èmi ni mo ń gbé àwọn ìpín náà láti yàrá dé yàrá. Ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi ti kọ́ mi ní Yorùbá díẹ̀, mo sì máa ń dúró lẹ́yìn balùwẹ̀, kí n máa kà á bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ka ìparí. Nítorí náà, ní gbogbo Treichville, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Dúpẹ́ níbi tá a ti ń fọ abọ́. Ó bi mí bí ọkùnrin náà ṣe wá di olówó. Mo ní arákùnrin bàbá rẹ̀ kan tí kò mọ̀ rí ló kú sí òkè òkun, tó fi ilé sílẹ̀ fún un. Dúpẹ́ fọ abọ́ kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn kà á. Tó bá ti ẹnu wa jáde, wọ́n á ní torí Bingerville ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi karùn-ún, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ fọ́ọ̀mù pé. Bàbá ní kíkà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yìí ò yé òun, kí gbogbo ènìyàn kó ìpín wọn wá, kí Dúpẹ́ kà á tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Màmá pín àtìéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja díndín. Dúpẹ́ kà á látìgbà tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí òjìji ògiri fi dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ìyá Rẹ̀mí dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé ọkùnrin yìí ò tíì lọ síbi iṣẹ́ látàárọ̀. Nígbà tó kan ikú arákùnrin bàbá yẹn, Ìyá Rẹ̀mí gbé abọ́ àtìéké rẹ̀ sílẹ̀.

"Ogún ló jẹ?" Ìyá Rẹ̀mí bèèrè.

"Il a hérité, c'est tout. Ogún ló jẹ, ó tán," ni Bàbá Komí wí.

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ó jinlẹ̀?"

"Ìyá Rẹ̀mí, ìwọ lo ka ìparí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Mo rò pé èmi ni kò yé ni."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, kálukú sì wá ń jẹ́wọ́ pé láti ojú ewé kejì ni oorun ti ń kun òun. Àwọn méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ ń to ìpín márààrún léra wọn. Bàbá tẹjú mọ́ ìwé náà bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ṣá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó wá ṣe ohun tí bàbá kì í ṣe nígbà yẹn, láàárín àwọn àgbà.

"Dúpẹ́, ìwọ tó kà á fún wa, kí lo rí níbẹ̀?"

Dúpẹ́ kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. "Bàbá, ọkùnrin yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń dúró ni. Ká ní arákùnrin bàbá rẹ̀ ò kú ńkọ́?"

Bàbá dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé rúlà ló lọ mú. Téèpù ló mú jáde. Ó ní kí Dúpẹ́ dúró gangan, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ìbàdí, ó bèèrè irú àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n ń wọ̀ ní Bingerville. Kí Dúpẹ́ tó la ẹnu, mo ti dáhùn pé búlúù ni, torí mo ti ka fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú. Bàbá ní kí n lọ gbé e wá. Ó yá bírò lọ́wọ́ Bàbá Komí, arúgbó náà ò sì fún un àfìgbà tó lọ fọ òróró ẹja kúrò lọ́wọ́.

Dúpẹ́ lọ sí Bingerville, ó di agbẹ̀bí, Riviera ní Abidjan ló ń gbé báyìí. Lónìí, ìwé tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kì í gba Ghana wá mọ́, orí fóònù ló ń bá èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ń gé e. Mo máa ń dá a kà. Tó bá já mi kulẹ̀, kò sẹ́ni tí mo máa purọ́ fún nídìí omi pé ó jinlẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ó di ìgbà tí ìwé bá já àgbà kulẹ̀ kó tó bi ọmọ léèrè ohun tó rí. Ní báyìí, a ti lajú, àwa ń bi wọ́n láàárọ̀, à ń bi wọ́n lọ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ka ìwé kan tí gbogbo ayé ń yìn, mo sì bi ọmọ mi obìnrin tó ti kà á ṣáájú mi pé kí lo rí níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára fóònù.

"Màmá, kí lẹ wí?"