Ikọ́ Màmá ní Ọjọ́ Olùdásílẹ̀

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ikọ́ gbígbẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, opó olùdásílẹ̀ ìjọ wa l'Ẹ́dẹ ni mo máa ń rántí. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Olùdásílẹ̀, Màmá á jókòó níwájú nínú sùtánà funfun, àwọn àgbà ìjọ á sì máa jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu tí ọkọ wọn ṣe nígbà ayé rẹ̀. Bí irọ́ bá ti fẹ́ wọ̀ ọ́, Màmá á wúkọ́.

"Bàbá rìn lórí omi Ọ̀ṣun!"

Ikọ́.

"Ó dáa, etí odò ni wọ́n ti rìn."

Lọ́dún kan láyé ológun, nígbà tí ìrẹsì di ohun à-ń-wá-kiri, alága ìgbìmọ̀ dìde. Ó ní Bàbá bá òun sọ̀rọ̀ lójú àlá pé kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀, kò gbọdọ̀ sí àsè. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa mọ̀ pé àpò ìrẹsì tí a dáwó rà fún àsè náà wà nílé alága.

Màmá wúkọ́. Alága ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ni Màmá bá dìde.

"Ẹ̀yin ará, ọkọ mi kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ebi bá ń pa á. Ẹ lọ gbé ìrẹsì yẹn wá ná. Bó bá yó tán, bóyá á tún bá alága sọ̀rọ̀ lójú àlá."

Kó tó dìrọ̀lẹ́, a ti jẹun yó.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ mọ́. Bàbá ti padà sórí omi; lọ́dún tó kọjá, wọ́n jẹ́rìí pé Bàbá jí òkú dìde.