Agolo Tó Kún Jù

Lọ́sẹ̀ yìí, agbẹ̀bí kìlọ̀ fún àwa ìyá ọlọ́mọ ní Ifangni pé kí a má jẹ oúnjẹ inú agolo tó bá wú. Mo rántí ìyá ọkọ mi, tó ń ta sàdíìnì ní Igolo. Ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ agolo wò, kó sì ya èyí tó wú sọ́tọ̀ fún ọmọ mi: “Èyí ló kún jù!”

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lọ́dún tó tẹ̀ lé òmìnira orílẹ̀-èdè wa, ó dá ọ̀kan lu, afẹ́fẹ́ sì tú jáde, ṣùùù. Ó dà á sínú àwo fún ọmọ mi, mo sì gba àwo náà lọ́wọ́ ọmọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti bàjẹ́.”

“Ìyàwó alákọ̀wé! Ṣé mo fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, kò lè gbé ìpéǹpéjú sókè mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. A sin ín kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ jọ̀wọ́, bí agolo bá wú tàbí tó ń jò, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Ẹ sọ ọ́ nù síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó.