Ijó Tí Moríkẹ́ Kọ́ Lẹ́yìn Aṣọ Sinimá

Bí ẹ bá gbọ́ pé Moríkẹ́ Ugbonla àti ọkọ rẹ̀, Lawrence agbẹ́kọ̀, ń fa ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ má rò pé orogún ló fà á. Ijó ni. Ọwọ́ wo ni ọkùnrin fi ń di obìnrin mú nínú ijó rọ́kẹ́nrólù? Lawrence ní ọwọ́ òsì ni. Moríkẹ́ ní irọ́ ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká nà án sí ọmọ ọlọ́mọ.

Sinimá ló kó bá wọn. Moríkẹ́ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà tí oníṣòwò kan fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀rọ sinimá dé Ugbonla, ìlú wọn, tó sì na aṣọ funfun kan sí etí omi kí àwòrán lè yọ lójú rẹ̀. Bàbá Moríkẹ́ ní ọmọbìnrin òun kò ní í dúró láàárín ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin. Ó kó Moríkẹ́ àti Rhoda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sínú obèlè, ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ó wà á lọ sí ẹ̀yìn aṣọ náà, ó sì so ó mọ́ òpó. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, àwòrán ń yọ sí ìhà kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti wò ó. Lawrence wà níwájú lórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin yòókù.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń jó bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀, gìtá tó ń ké, yẹ̀rì tó ń là bí àwọ̀n tí apẹja jù. Àwọn àgbà inú sinimá náà fòfin de ijó ọ̀hún, ṣùgbọ́n kó tó parí, àwọn fúnra wọn ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ló wọ Moríkẹ́ lára jù. Kò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ bàbá tó ń fòfin de nǹkan fún un. Nígbà tó wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàbá tirẹ̀ ń gbọ̀n nínú obèlè débi pé omi fẹ́ẹ̀ wọlé. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé àgbà lè yí ọkàn padà, kí ayé má sì bàjẹ́.

Ọdún kẹrin sí i, níbi ọdún Kérésì kan, Lawrence na ọwọ́ òsì sí i pé kó wá jó. Moríkẹ́ pòṣé, ó ní kó lọ na òsì sí ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ márùn-ún. Ìgbàkígbà tí rédíò bá ti lu gìtá, wọ́n á dìde, ọwọ́ á kọlu ọwọ́, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún jókòó. Wọn ò jó ẹyọ kan parí rí.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ òsì Lawrence. Jọọlá, nọ́ọ̀sì tó máa ń wọkọ̀ wá wò ó, ní kó máa dìde gbẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní bí oṣù náà bá fi lè parí láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè gan, kó má dìde mọ́. Lawrence kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ fún ìdajì Ugbonla, wọ́n wá fẹ́ máa kọ́ ọ ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́? Moríkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó lọ sunkún nídìí ààrò ẹja. Oṣù ku ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Happiness, ọmọ Wọlé àkọ́bí wọn, rí irú sinimá àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e wá fún wọn. Lawrence bú sẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn.

"Ìyá Wọlé, wò ó! Ọghọ́ òsì ni! Mi ò wí?"

Moríkẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ń na òsì, ọ̀tún sì ni àwọn obìnrin fi ń gbà á. Ìgbà yẹn ló rántí bí Rhoda, tó ti dé iléèwé, ṣe ń ráhùn nínú obèlè pé ìwé tí wọ́n kọ sójú aṣọ náà ń rìn padà sẹ́yìn.

"Áà," ló wí. "Ẹ̀yìn aṣọ ni mo wà. Òdì ni mo kọ́, ọ̀tún wọn di òsì lójú mi." Ẹ̀rín gbà á. Òsì tó ń sá fún, òun gan-an ló ń nà á sí ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Àmọ́ Lawrence kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó sùn sórí itan. "Mo jàre tán," ló wí, "ọwọ́ ò sí mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Moríkẹ́ lọ́kàn. Ó ti àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá Wọlé, ẹ jàre. Ẹ ti jàre láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá bá mi lẹ́yìn aṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò níbẹ̀."

 Lawrence na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni Moríkẹ́ fi gbà á. Èyí jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ráyè gba ọkọ rẹ̀ mú níbàdí, níhà ibi tí kò lágbára, ó sì fà á dìde. Happiness dá sinimá náà padà síbẹ̀rẹ̀. Pákó ilẹ̀ ilé ké. Ẹsẹ̀ kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì.

"Rọra o," ni Lawrence wí, òógùn ti bò ó, "ká má dojú obèlè bàbá rẹ dé."