Igi Iwájú Yàrá ní Koumassi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Koumassi Remblais, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, àwa ará Ṣakí kì í gbin igi sí àgbàlá. Ẹnikẹ́ni kò dí wa lọ́wọ́ o. Àwọn bàbá wa ló gbà pé ẹni tó bá gbin igi síbi tó ti wá ṣòwò ti pinnu pé òun ò lọ sílé mọ́. “Ọdún tó ń bọ̀ la ó padà,” ni wọ́n máa ń wí lọ́dọọdún.

Mo ri kóró máńgòrò kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan. Nígbà tó yọ ewé mẹ́rin, bàbá mi fà á tu, ó bi mí pé, “Ṣé o fẹ́ kí n kú síbí ni?” Kò nà mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ. N kò gbin igi mọ́ títí irun mi fi funfun.

Ooru ìgbà náà mọ níwọ̀n, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nísinsìnyí, siménti ti bo gbogbo ilẹ̀, páànù sì ń jó èèyàn lórí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìyàwó mi, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dákú nínú yàrá lọ́sàn-án gangan. Dókítà ní ooru ni, ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè máà jí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní líìsì, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò fún mi. Ó ní “réchauffement” ni pé èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ bo ayé bí aṣọ ìbora, ooru kò rí ibi jáde. “Adaptation” sì ni kí èèyàn tún ibùgbé rẹ̀ ṣe kó lè fara dà á. Mo ní ọkọ̀ àwọn ará Plateau, àdúgbò àwọn olówó, ló ń rú èéfín, kí ló kàn mí? Ó ní, “Papi, ẹ gbin igi síwájú yàrá Mami kó má bàa tún dákú. L'ombre, ça aide vraiment. Ìbòji máa ń ranni lọ́wọ́ gan-an. Igi náà á sì máa mu èéfín yẹn díẹ̀díẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Ilé tí mo kọ́ sí Ṣakí ń bẹ níbẹ̀, aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fọ́ siménti iwájú yàrá, mo gbin igi ìbòji kan. Ará ìlú wa kan tó ń kọjá lọ ní, “Alájì, ẹ ò lọ sílé mọ́ nìyẹn?” Mo ní kó bá mi gbé omi wá.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá mi fa igi tu kó má bàa kú síbí, ibí náà la sì sin ín sí. N kò bá a jà. Igi tèmi kò tí ì ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ìdí rẹ̀.