Ìyẹ̀fun Tó Ń Mú Ẹlẹ́dẹ̀ Aládùúgbò Mi Sanra

Èmi ni mo kọ́ aládùúgbò mi níṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó kó dé Ajégúnlẹ̀ wa yìí láti Ṣakí, ewúrẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n sìn. Ògiri kan ló wà láàárín ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wa, oúnjẹ kan náà la sì ń fún wọn: èèpo ẹ̀gẹ́ àti tòmátì tó ti bàjẹ́ tí a ń kó ní ọjà Mile 12. Síbẹ̀, ara tiẹ̀ ń dán, wọ́n ń tóbi. Tèmi kàn ń pariwo. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ní tèmi, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ni kò lẹ́ran lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan mo yọjú lórí ògiri, mo rí i tó ń bu ìyẹ̀fun kan sí oúnjẹ wọn. Mo bi í léèrè.

"Aunty mi, ata ilẹ̀ àti aáyù ni o. Mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n. Ṣíbí kan péré, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe máa jẹun."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní o ṣé. N kò gbà á gbọ́ rárá. Bó bá jẹ́ èmi ni, irọ́ ni ǹ bá pa fún un. Mo gba Kétu lọ, mo ra oògùn tó ń mú ẹran tóbi. Ẹni tó tà á ní kí n bu ìdérí kan. Mo bu mẹ́ta, torí ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí oníbàárà tó ń ra ẹlẹ́dẹ̀ wa dé.

Ọkùnrin yìí kì í wọn ẹran. Á da oúnjẹ sílẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wò wọ́n. Èyí tó bá sáré jẹ ló ń rà. Mẹ́fà ni mo ní, iṣẹ́ ọdún kan gbáko.

Nígbà tó máa dé, ìgbẹ́ gbuuru ti dá tèmi dùbúlẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wo oúnjẹ. Ó kó gbogbo ti aládùúgbò mi, ó ń lọ. Aládùúgbò mi sáré tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Aunty mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má tíì rà níbòmíì."

Aládùúgbò mi rí oògùn náà lọ́dọ̀ mi, ó ní kí n dà á nù, ó sì ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ wá láràárọ̀. Ẹran mi jẹun. Ọkùnrin náà padà wá, ó rà wọ́n.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí dòní, torí mo mọ̀ pé ká ní èmi ni, mi ò ní pe ọkùnrin yẹn padà.