Ìrìn Gígùn Irin Ọmọ Festac

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ọwọ́ àwọn èèyàn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Apple Junction. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gé páspẹ́ẹ̀sì, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà sára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Festac ló ń fi kọ̀ǹpútà ya ọ̀nà tí irin tó ń gé ike náà máa gbà lórí rẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó jẹnẹrétọ̀.

Dísẹ̀ tí mò ń rọ sínú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán. Ojú tí ọ̀gá fi ń wò mí yí padà. Ó rò pé mò ń fà á tà. Mi ò fà á. Ni mo bá ń ṣọ́ ọmọ Festac. Irin rẹ̀ kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Á gé díẹ̀ níbí, á gbéra, á sáré lọ sí igun kejì, á tún padà, dísẹ̀ á sì máa jó lọ. Àbí ó fẹ́ kí wọ́n lé mi kí ẹni tiẹ̀ lè wọlé?

Mo bi ọmọ náà pé, "Kọ̀ǹpútà, ṣé irin ẹ ń lọ kí àwọn ará Alákijà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá pẹ́ lójú kan, ike á yọ́. Mò ń jẹ́ kó tutù ni."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Yà á kó kúrú, àbí kí n sọ fún ọ̀gá pé ìwọ lò ń jó dísẹ̀ dànù."

 Ó yà á kó kúrú, kí lẹ́tà kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba ṣọ́ọ̀bù. Ike ti yọ́ mọ́ irin, lẹ́tà ti bàjẹ́. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé pátákó wọn kọ́.

Ọ̀gá wọlé. "Ta ló ṣe èyí?"

Ọmọ náà ò wò mí. "Èmi ni, sà."

"Máa lọ sílé ẹ."

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fipá mú un yà á bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ tí o ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà?" Ó wò mí, ó wò ó. "Ẹ̀hẹn. Ó ti yé mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ta dísẹ̀ mi."

Kò lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn gbé àga rẹ̀ sáàárín wa, ó ń ṣọ́ wa. Irin padà sí ìrìn gígùn rẹ̀, dísẹ̀ ṣì ń tètè tán. Ó wù mí kí n bẹ ọmọ náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rọra pè é, ọ̀gá á gbójú sókè: "Ẹ tún ti ń gbìmọ̀!"